Ìjẹ́pè, Ìtọ́jọ́ àti Ìdákẹ́: Èdè-Ìperí fún Àríyànjiyàn lórí Ìbọn Ìléwọ́ Akira

1. Ìfáàrà

Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ológun, àwọn agbófinró àti àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ti ń jiyàn lórí irú ìbọn ìléwọ́ tí ó ṣeé gbára lé jù lọ. Àwọn kan ní ti Colt ni. Àwọn mìíràn ní ti Luger ni, tàbí ti Beretta, tàbí ti Glock. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí iyàn náà, yóò rí i pé ohun tí apá kan ń sọ kọ́ ni apá kejì ń fèsì sí. Ẹnìkan ń sọ ti ìbọn tí kì í kọ̀ nígbà tí a bá yìn ín. Ẹnìkejì ń sọ ti ìbọn tí irin rẹ̀ kì í tètè sán. Ẹnìkẹta ń sọ ti ìbọn tí kì í dún bí ó bá jábọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, "reliability", ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Èyí wà lára ìdí tí iyàn wọn kò fi lè parí.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé kò yẹ kí ògbufọ̀ Yorùbá jogún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan. Èdè Yorùbá sì ní ohun èlò tí a fi lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ológun nìkan. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ ní ilé ẹjọ́ pé ìbọn kan kò ṣeé gbára lé, adájọ́ kò tíì mọ̀ bóyá ìbọn náà kọ̀ láti dún nígbà tí a yìn ín, tàbí ó dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yìn ín. Ẹ̀wọ̀n tàbí òmìnira ọmọ ènìyàn lè wà láàrin ìtumọ̀ méjèèjì.

2. Orúkọ ìbọn náà àti iṣẹ́ rẹ̀

Ìbọn ìléwọ́ ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ìbọn kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan yìn. Oríṣi méjì ni ó jẹ wá lógún níhìn-ín. Èyí tí ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní àgbá kékeré kan tí ó ń yí bìrí, tí a gbẹ́ ihò bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà sí lára fún ọta. A lè pè é ní ìbọn ìléwọ́ olóbìírí. Oríṣi kejì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "semi-automatic".

Bí ògbufọ̀ bá tú orúkọ kejì yìí ní ẹyọ-ẹ̀hun-sí-ẹyọ-ẹ̀hun, ohun tí yóò rí ni ìbọn adáṣiṣẹ́ ààbọ̀. Òǹkàwé yóò sì béèrè pé ààbọ̀ wo ni ó ń ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́? Ọ̀nà tí ó dára jù ni láti wo iṣẹ́ ìbọn náà gan-an, kí a sì sọ ọ́ lórúkọ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìka bá fa apátí, òòlù tàbí ohun tí ó dúró fún un yóò lu ìdí kátíríìjì, ẹ̀tù inú rẹ̀ yóò sì gbiná. Èéfín gbígbóná tí ó ti inú ẹ̀tù jáde yóò ti ọta síwájú gba inú ọ̀pá ìbọn, yóò sì tún ti ìdí kátíríìjì sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà. Ìtìsẹ́yìn yìí ni ó ń gbé ìbòrí alọ-bọ̀ tí ó wà lórí ìbọn lọ sẹ́yìn. Bí ìbòrí náà ti ń lọ, yóò fa èèpo kátíríìjì tí ó ti ṣófo jáde kúrò nínú ìyẹ̀wù ọta, yóò sì gbé e jù síta. Sípíríǹgì yóò wá tì í padà síwájú. Bí ó ti ń bọ̀, yóò gbá kátíríìjì tuntun láti inú àká ọta tí ó wà nínú ìdí ìbọn, yóò tì í sínú ìyẹ̀wù, yóò sì pa ìyẹ̀wù náà dé. Gbogbo èyí a ti parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ìbọn náà yóò sì dúró síbẹ̀. Kò ní dún mọ́ àfi bí ìka bá tu apátí sílẹ̀, tí ó sì tún un fà.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé kíkì ni ìbọn yìí ń dá ṣe, kì í ṣe yíyìn. Ìdí nìyí tí a fi dábàá akira: a- tí í ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kì tí í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, àti ara tí í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìhun rẹ̀ bá ti apẹja àti apànìyàn mu. Ohùn kì ti di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. Kí òǹkàwé má ṣe gbé ohùn òkè sí i, nítorí pé akíra yóò di àwọn ènìyàn tí ń kí ara wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tí ń ki ẹ̀tù sí ṣakabùlà láti ẹnu ìbọn ni a ti mú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ọ̀pá ìkibọn nínú ti ìgbàlódé yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni, ìyẹn ni láti fi ohun tí ìbọn yóò jẹ sí ibi tí yóò ti jẹ ẹ́. Ìbọn tí ń kira, tí ó sì ń yin ara rẹ̀ léraléra níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí apátí, ọ̀tọ̀ ni. Ìbọn arọ̀jò-ọta ni ìyẹn.

3. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn ògbufọ̀ tí ó fẹ́ sọ pé ìbọn akira kan dára láti gbára lé.

Èkíní ni ìfọkàntán. Ènìyàn ni a ń fọkàn tán, nítorí pé ènìyàn ni ó lè dalẹ̀. Ìbọn kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, nítorí náà kò ní ilẹ̀ tí yóò dà. Èkejì ni ìdánilójú. Ipò ọkàn ẹni tí ó mú ìbọn ni èyí ń sọ, kì í ṣe ipò ìbọn. Ẹni tí ó dá lójú lè ṣàṣìṣe. Ẹ̀kẹta ni àìtàsé. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọta bà ni ó ń tọ́ka sí. Ìbọn kan lè dún ní gbogbo ìgbà tí a bá yìn ín, kí ó sì máa tàsé ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀kẹrin ni ìṣeégbáralé. Èyí ni ó súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ó gbòòrò: a ń gbára lé ọ̀pá, a ń gbára lé ẹ̀ka igi, a ń gbára lé ọ̀rẹ́ àti oògùn. Nítorí náà, ìṣeégbáralé yẹ ní orúkọ gbogbogbòò fún agbo ọ̀rọ̀ náà, kí a sì wá pín in sí mẹ́ta: ìjẹ́pè, ìtọ́jọ́ àti ìdákẹ́. Ìtàn ìbọn mẹ́ta ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

4. Ìjẹ́pè: ìdánwò 1911

Ní 1907, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi ìbọn ìléwọ́ wò láti mọ èyí tí yóò rọ́pò olóbìírí tí wọ́n ń lò. Nígbẹ̀yìn, ó ku ti Colt, tí John M. Browning ṣe ètò rẹ̀, àti ti Savage. Ní oṣù kẹta 1911, wọ́n yin ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbọn náà ní ìgbà 6,000. Bí wọ́n bá ti yìn ín ní ìgbà 100, wọn a jẹ́ kí ó tutù fún ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá sì pé 1,000, wọn a nù ún, wọn a fi epo sí i. Ti Colt parí ìdánwò náà láìkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àléébù 37 ni a kà sí Savage lọ́rùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n gba ti Colt wọlé.

Kí ni ìdánwò yìí wọ̀n? Kì í ṣe ibi tí ọta ń bà. Ohun tí ó wọ̀n ni bóyá ìbọn ń dáhùn nígbàkigbà tí a bá pè é. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún èyí: a ń sọ pé ẹnìkan jẹ́ ìpè, tàbí pé kò jẹ́ ìpè. Láti inú àpólà yìí ni a ti ṣẹ̀dá ìjẹ́pè. Òdì rẹ̀ ni ìkọ̀, nítorí pé ìbọn tí kò dáhùn ni a ń sọ pé ó kọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn ìkọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé ìkọ́ tí a fi ń kọ́ nǹkan wà pẹ̀lú.

Ìkọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Bí òòlù bá lu kátíríìjì tí kò gbiná, àìdún ni. Bí kátíríìjì tuntun kò bá kúrò nínú àká bọ́ sí ìyẹ̀wù, àìwọlé ni. Bí èèpo bá há síbẹ̀, àìjáde ni. Bí ìbòrí kò bá padà dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, àìpadé ni. Àfòmọ́ àì- ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láìsí ọ̀rọ̀ àyálò kankan.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí iyàn àtijọ́ láàrin olóbìírí àti akira. Bí kátíríìjì kan kò bá gbiná nínú olóbìírí, ẹni tí ó mú un yóò tún fa apátí, ihò mìíràn yóò sì yí wá sí ojú ọ̀nà. Nínú akira, kátíríìjì tí kò gbiná kò ní agbára tí yóò ti ìbòrí sẹ́yìn. Ọwọ́ ni ènìyàn yóò fi yọ ọ́. Akira ń gba agbára iṣẹ́ rẹ̀ láti inú ohun tí ó ń jẹ. Nítorí náà, ìjẹ́pè rẹ̀ kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Ti ìbọn, ti àká ọta, ti kátíríìjì àti ti ọwọ́ tí ó dì í mú ni. Bí ọwọ́ bá rọ jù, ìbọn fúnra rẹ̀ yóò sún sẹ́yìn pẹ̀lú ìbòrí, ìbòrí kò sì ní rìn dé ibi tí ó yẹ. Ìbọn Luger, tí àwọn ológun Jámánì gbà ní 1908, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Oríkèé tí ó ń ká bí orúnkún ni ó ń ti ìyẹ̀wù rẹ̀ pa. Bí kátíríìjì bá lágbára tó, oríkèé náà a ṣiṣẹ́ geere. Bí agbára rẹ̀ bá dín, ìbọn a kọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé Luger kò jẹ́ ìpè gbọ́dọ̀ sọ kátíríìjì tí ó fún un jẹ.

Olùkọ́ ìṣirò náà ní ìpín nínú ìdánwò yìí. Ṣé àìkọ̀ rárá nínú 6,000 fi hàn pé ìbọn kò lè kọ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí á gbà pé ìbọn kan ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 2,000 ní àpapọ̀, àti pé yíyìn kọ̀ọ̀kan dá dúró láìkan èkejì. Ìṣeéṣe pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yóò la 6,000 já láìkọ̀ rárá jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 100. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ohun tí ìdánwò náà lè jẹ́rìí sí ni pé ó ṣòro kí ìbọn yẹn máa kọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 2,000, pẹ̀lú irú kátíríìjì tí wọ́n lò àti irú ìtọ́jú tí wọ́n fún un. Èyí náà tóbi, nítorí pé àléébù 37 nínú 6,000 túmọ̀ sí ẹyọ kan nínú nǹkan bí 162.

5. Ìtọ́jọ́: ìbòrí tí ó sán

Ní 1985, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà yan ìbọn Beretta láti rọ́pò Colt lẹ́yìn ìdánwò tí ó wáyé ní 1984. Ní nǹkan bí 1987, ìbòrí alọ-bọ̀ díẹ̀ lára àwọn ìbọn náà sán sí méjì nígbà tí a ń yìn wọ́n. Apá ẹ̀yìn fò padà, ó sì ṣe àwọn tí ń yìn ín léṣe ní ojú. Iyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan di ẹ̀bi ru irin tí wọ́n fi ṣe ìbòrí. Àwọn mìíràn di í ru kátíríìjì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé àwọn ìbọn wọ̀nyí ti jẹ́ ìpè ní àìmọye ìgbà kí irin wọn tó sán. Bí a bá ní ìjẹ́pè nìkan lọ́wọ́, a kò ní lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni ìtọ́jọ́, láti inú tọ́jọ́, tí gbogbo ilé ń lò fún aṣọ, fún bàtà àti fún ìkòkò. Ìjẹ́pè ń béèrè pé, "Ṣé yóò dáhùn nísinsìnyí?" Ìtọ́jọ́ ń béèrè pé, "Títí di ìgbà wo?"

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kún fún ẹ̀kọ́. Wọ́n fi orí tí ó tóbi sí irin tí òòlù ń yí lé lórí, wọ́n sì gbẹ́ ojú ọ̀nà fún un lábẹ́ ìbòrí, kí ó lè dá apá ẹ̀yìn dúró bí ìbòrí bá tún sán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ọ́ pé àtúnṣe yìí mú kí ìbọn náà túbọ̀ ṣeé gbára lé. Gbólóhùn náà kò yéni tó. Orí irin náà kò fi ọjọ́ kan kún ìtọ́jọ́ ìbòrí. Kò sì fi ohunkóhun kún ìjẹ́pè. Ojú ẹni tí ó ń yìn ín ni ó dáàbò bò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtọ́jọ́ gbọ́dọ̀ wo irin náà, kátíríìjì náà, àti iye ìgbà tí a ti yìn ín kí a tó pààrọ̀ ìbòrí.

6. Ìdákẹ́: ìbọn tí kò gbọdọ̀ dún láìpè

Ní oṣù kìíní 2017, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà yan ìbọn tí a ṣe láti ara SIG P320 láti rọ́pò Beretta. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó hàn sí gbangba pé irú rẹ̀ tí a ń tà fún ará ìlú lè dún bí ó bá jábọ́ ní ìgun kan pàtó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ́kọ́ ba ilẹ̀. Olùkọ́ físíìsì lè ṣàlàyé rẹ̀ láìlo ìbọn: bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, àwọn èrò inú rẹ̀ a ṣì máa lọ síwájú. Bákan náà, ìbọn ti dúró lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n apátí rẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ, ó sì fa ara rẹ̀ bí ẹni pé ìka ni ó fà á. Ilé-iṣẹ́ náà kéde àtúnṣe nínú oṣù yẹn. Apátí tí ó fúyẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ètò ìbọn Glock, tí àwọn ológun Austria ti gbà ní 1982, gba ọ̀nà mìíràn: ahọ́n kékeré kan wà lójú apátí rẹ̀, apátí kò sì lè lọ sẹ́yìn bí ohunkóhun kò bá tẹ ahọ́n náà.

Orúkọ wo ni ó yẹ fún ànímọ́ yìí? Ààbò gbòòrò jù, nítorí pé òfin, àpò ìbọn àti ìwà ẹni tí ó mú ìbọn wà lábẹ́ rẹ̀. Yorùbá a máa sọ pé ìbọn dún, a sì máa sọ pé ìbọn ké. Òdì dídún àti kíké ni dídákẹ́. Nítorí náà, ìdákẹ́ ni a dábàá: agbára tí ìbọn ní láti má ṣe dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fa apátí rẹ̀. Kí a má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àìdún. Ìbọn tí a pè tí kò fọhùn ṣe àìdún, àléébù ni. Ìbọn tí a kò pè tí kò fọhùn wà ní ìdákẹ́, ìyẹn sì ni a ń fẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀-ìperí ti di ọ̀ràn ẹjọ́. "Ìbọn náà dún" kò tó. Ṣé ẹnìkan yìn ín ni, tàbí ó dún láìpè? Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ọ̀kan dípò èkejì ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

7. Ohun tí àwọn kan lè sọ

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù, pé Gẹ̀ẹ́sì fi ẹyọ kan ṣe é. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í sọ pé oko òun kò dára kí ó sì panu mọ́. Yóò sọ bóyá òjò ni kò rọ̀, tàbí ilẹ̀ ni ó ṣá, tàbí kòkòrò ni ó jẹ ewé, nítorí pé oògùn wọn kò dọ́gba. Bákan náà ni ìbọn. Àìwọlé lè jẹ́ kí á yẹ àká ọta wò. Sísán ìbòrí ń jẹ́ kí á yẹ irin wò. Dídún láìpè ń jẹ́ kí á yẹ apátí àti ohun tí ó so mọ́ ọn wò. Síwájú sí i, àwọn mẹ́ta yìí lè máa bá ara wọn jà. Ẹni tí ó bá mú kí apátí le koko láti fà ń wá ìdákẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ọta sì tàsé. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ orúkọ kan, a kò ní rí ìjà náà.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìbọn ìléwọ́ akira: ìbọn ìléwọ́ tí ń fi agbára kátíríìjì tí ó dún ki òmíràn, tí ó sì ń dún lẹ́ẹ̀kan fún fífà apátí kọ̀ọ̀kan.
Ìbọn ìléwọ́ olóbìírí: èyí tí ọta rẹ̀ wà nínú àgbá tí ń yí.
Ìbòrí alọ-bọ̀: irin orí ìbọn tí ń lọ sẹ́yìn, tí ó sì ń padà, láti yọ èèpo àti láti ki kátíríìjì.
Àká ọta: ibi tí kátíríìjì ń dúró sí kí ó tó kan án.
Ìyẹ̀wù ọta: ibi tí kátíríìjì wà nígbà tí ó bá gbiná.
Ìṣeégbáralé: orúkọ gbogbogbòò fún ìjẹ́pè, ìtọ́jọ́ àti ìdákẹ́.
Ìjẹ́pè: dídáhùn ìbọn nígbàkigbà tí a bá yìn ín.
Ìkọ̀: òdì ìjẹ́pè, oríṣi rẹ̀ ni àìdún, àìwọlé, àìjáde àti àìpadé.
Ìtọ́jọ́: pípẹ́ tí ẹ̀yà ara ìbọn ń pẹ́ kí ó tó sán tàbí kí ó tó jẹ.
Ìdákẹ́: àìdún ìbọn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fa apátí rẹ̀.

9. Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe náà ti mọ ìyàtọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí ń wá. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè jẹ́ ìpè. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbà pé ó ti tó ní ìdákẹ́. Ẹni tí ó pa òwe náà mọ̀ pé ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀, àti pé ìdáhùn ọ̀kan kì í ṣe ìdáhùn èkejì. Kí olùkọ́, ògbufọ̀ àti akọ̀ròyìn tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́kọ́ béèrè èwo nínú àwọn mẹ́ta ni ó wà níwájú òun, kí ó tó gbé kálàmù.